Páàdì Bíréèkì Bàbá Mi

Ohun méjì péré ni bàbá mi gbà gbọ́ pátápátá láyé yìí: Jésù, àti páàtì mọ́tò tó bá jẹ́ ojúlówó. Èwo ló ṣáájú nínú méjèèjì, n kò lè búra. Mo ti rí i tó ń sùn nígbà ìwàásù, tí orí rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n n kò rí i kó ṣẹ́jú rí nígbà tí mẹkáníìkì bá ń tú nǹkan lára mọ́tò rẹ̀.

Tíṣà ni. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Yábàá ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì láti kékeré, èyí tó túmọ̀ sí pé kì í pariwo, kì í pẹ́ lẹ́yìn, tó bá sì fẹ́ bú ọ, á kọ́kọ́ ní kó o jókòó. Nígbà tí màmá mi kú, èmi ni mo kó padà sílé wa ní Ìpọ̀nrí láti máa gbé pẹ̀lú rẹ̀, torí pé nínú àwa ọmọ mẹ́rin, èmi nìkan ni mo ṣẹ́kù sí Nàìjíríà. Àwọn mẹ́ta yòókù ti jápa. Wọ́n ń fi fóònù tọ́jú bàbá láti ọ̀hún. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ rere.

Ẹni tó bá ní mọ́tò l'Ékòó mọ̀ pé bó o bá fẹ́ ra páàtì, ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé, "Èwo lẹ fẹ́ nínú ẹ̀?" Ojúlówó wà, èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà gan-an fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Tòkunbọ̀ wà, ìyẹn ojúlówó tí òyìnbó ti lò títí tó fi sú u, tí wọ́n tú lára mọ́tò rẹ̀, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé wá bá wa. Èyí tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe náà wà, tó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i tí kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Òmíràn nínú ìyẹn dára, òmíràn ò dára, bí ọmọ ènìyàn náà ni. Ayédèrú paraku ló wá kẹ́yìn, èyí tí a ò mọ bàbá rẹ̀, tí wọ́n wá dì sínú páálí ojúlówó tí ó ń dán gbinrin.

Bàbá mi kò gba àlàyé yìí rárá. Lójú tirẹ̀, ohunkóhun tí kò bá ti wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò, ọmọ àlè ni, ì báà dára, ì báà má dára. Bí ojúlówó tuntun bá wọ́n jù, tòkunbọ̀ ló máa ní kí wọ́n rà. Á ní aṣọ òfì tó gbó sàn ju náílọ́ọ̀nù tuntun lọ. Òun ló dá òwe yẹn sílẹ̀ fúnra rẹ̀, òun nìkan náà ló sì ń pa á.

Mẹkáníìkì kankan kò lè de páàtì mọ́ mọ́tò bàbá mi láìjẹ́ pé páàtì ọ̀hún ṣe ìdánwò. Á kọ́kọ́ wọ ilé wa. Bàbá á gbé e sórí tábìlì oúnjẹ, á wọ awò ojú rẹ̀, á tún mú awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá, á wá ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára páálí láti òkè délẹ̀. Á fi èékánná ha irin náà. Á gbé e sórí òṣùwọ̀n tí màmá mi fi ń wọn ìyẹ̀fun. Á gbóòórùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí màmá mi ṣì wà láyé, ó yọ ahọ́n, ó fi kan fílítà ọ́ìlì báyìí, màmá mi tó ń bọ̀ láti ìdáná dúró, ó wò ó, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kí n bá yín fi ata sí i?" Bàbá mi kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ayédèrú ni, kí wọ́n dá a padà. Wọ́n sì dá a padà, torí pé òótọ́ ló sọ. Kì í ṣì í. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa bí mi nínú.

Nínú ìdánwò yìí kan náà ni mo ti mọ̀ pé ojú bàbá mi ti ń lọ.

Mẹkáníìkì wa tó wà ní Muṣin ló gbé púlọ́ọ̀gì wá lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, ó jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n Àǹtí ló ń pè mí, ó sì ń pe bàbá mi ní Dádì. Ó ṣàlàyé fún mi lẹ́nu géètì pé òun ò rí ojúlówó, pé èyí tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe lòun rí, pé òun mọ̀ pé Dádì máa lé òun jáde. A wọlé. Bàbá mi gbé púlọ́ọ̀gì náà sórí tábìlì. Ó wọ awò. Ó mú awò kékeré náà, ó gbé e sún mọ́ páálí, ó tún gbé e sún mọ́ ọn sí i, títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan páálí. Orúkọ ilé iṣẹ́ kejì náà wà níbẹ̀ gàdàgbà, mo ń kà á láti ibi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà ìdáná. Bàbá mi gbé orí sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ojúlówó nìyí. O ṣeun, ọmọ mi. Irú eléyìí ni kó o máa rà."

Mẹkáníìkì wò mí. Mo wo mẹkáníìkì. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ìyẹn la sọ o. Àwa méjèèjì tí ẹnu wa kì í dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí àwọn nǹkan mìíràn. Ó fi mọ́tò ha òpó géètì lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, ó ní bíríkìlà ló kọ́ òpó náà síbi tí kò yẹ. Òpó tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi! Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kí agbádá kan tí aládùúgbò wa sá sórí okùn, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ṣé àlàáfíà ni?" ó sì bínú pé ọ̀gbẹ́ni náà kò dá òun lóhùn. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo ṣe tán, mo wá rántí pé ẹni yìí ló ń wakọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, lọ sí ìpàdé àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní gbogbo ọjọ́bọ̀.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ fún un. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ sọ fún bàbá yín. A fi fóònù ṣe ìpàdé, àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo wa sì fi ohùn kan sọ pé ó yẹ kí ẹnìkan bá Dádì sọ̀rọ̀. Ẹnìkan. Mo bi wọ́n léèrè ẹni tí ẹnìkan náà ń jẹ́, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í já lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n lọ bá àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà wo? Èyí tí bàbá mi kọ́ ní ìṣirò, tó ṣì máa ń dọ̀bálẹ̀ fún un nínú aṣọ àlùfáà? Mo mú bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó wá fajú ro. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹnìkan máa sọ ọ́ lónìí. Dókítà wá rọra ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú kí ẹ dín wíwa mọ́tò kù díẹ̀." Dín kù! Bàbá mi dín in kù lóòótọ́. Kò wakọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyí tí bíréèkì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bí bàbá bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, á dún kìn-ìn-ìn, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé Bàbá Tíṣà ti dé. Mẹkáníìkì tú táyà, ó ní páàdì ti jẹ tán, irin ló ń ha irin. Èmi àti òun jọ lọ sí ọjà páàtì ní Ládípọ̀, a rí ojúlówó tuntun, mo rà á. Mo gbé e sórí itan nínú kẹ̀kẹ́ nígbà tí mò ń darí bọ̀ wálé, mo wá ń rò ó pé bí mo bá fi páàdì yìí lé bàbá lọ́wọ́, á tún máa wakọ̀ lọ fún ọdún méjì gbáko. Bẹ́ẹ̀, bí kò bá sí ojúlówó ńkọ́? Kò ní gba òmíràn. Mọ́tò á dúró sí ọgbà, kò sì ní sí ẹni tó máa bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ọgbọ́n yìí dùn mọ́ mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Mo kó páàdì náà sínú wọ́dìróòbù mi, mo fi léèsì bò ó. Mo pe mẹkáníìkì. Ó ní, "Àǹtí, ẹnu mi ò sí níbẹ̀ o." Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá pè é, ó sọ ohun tí mo ní kó sọ: ọjà ti gbẹ, sà, kò sí ojúlówó ní gbogbo Èkó, àfi èyí tí ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe, kò sì sí tòkunbọ̀. Bàbá mi ní, "A ó dúró dè é." Mo wọ yàrá lọ, mo jó díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi dúró dè é. Kí n sọ òótọ́, n kò rò pé ó máa rí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé á ráhùn, á bú ìjọba, á bú àwọn oníṣòwò, á sì gbàgbé. Kò ráhùn. Ó ń wẹ̀ láàárọ̀, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, á de táì, á lọ jókòó sínú mọ́tò tó wà ní ọgbà, á tan rédíò. Ó ní òun kò fẹ́ kí bátìrì kú ni. Mo ní kí n pe takisí fún un lọ sí ìpàdé wọn ní Yábàá, ó ní òun kò lè jókòó sínú mọ́tò tí òun ò mọ irú bíréèkì tó wà nínú rẹ̀. Mo ní kó gbà mí láyè kí èmi máa wa tiwa nígbà tí bíréèkì bá dára, ó ní, "Nígbà tí bíréèkì bá dára, ta ló fẹ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ?" Àánú rẹ̀ ṣe mí. Inú sì tún bí mi sí i, torí n kò fẹ́ kí àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, mo wà níbi iṣẹ́ nígbà tí mẹkáníìkì pè mí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Àǹtí, ẹ máa bọ̀ kíákíá. Dádì wà lọ́dọ̀ mi." Mo ní báwo ló ṣe débẹ̀. Ó ní, "Mọ́tò ló wà wá." Láti Ìpọ̀nrí títí dé Muṣin, pẹ̀lú ojú tó ń kí agbádá, àti bíréèkì tí kò sí! Mo dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì pẹ̀lú bàtà kan tí okùn rẹ̀ ti já. Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé páálí kan sórí itan.

Ó ní, "Ìyá mi, o dé? Mo rọra wà á ni." Ìyá mi ló ń pè mí nítorí pé ikú ìyá rẹ̀ ni wọ́n bí mi tẹ̀lé. Ó na páálí náà sí mẹkáníìkì. "Bá mi de páàdì yìí mọ́ mọ́tò. Mo rà á níwájú níbẹ̀ yẹn."

Mo wo páálí náà. Ayédèrú paraku ni, kò tilẹ̀ fi ara pamọ́. Mẹkáníìkì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní bí eléyìí bá gbóná lẹ́ẹ̀mejì péré, á fọ́ wẹ́wẹ́ bíi bísíkíìtì, bàbá á sì máa tẹ bíréèkì tí kò ní mú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló kọ́kọ́ dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé bàbá mi kò ṣí páálí yẹn rárá. Kò wọ awò. Kò gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tó ti ń lé ayédèrú látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ rà á, kó ṣáà lè kúrò nílé. Ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Mo ní, "Dádì, ẹ má jẹ́ kó dè é. Ojúlówó wà nílé."

"Nílé ta ni?"

"Nílé wa, sà. Nínú wọ́dìróòbù mi."

Ó kọjú sí mi. "Kí ni páàdì bíréèkì ń wá nínú wọ́dìróòbù?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi. Mẹkáníìkì gan-an ti yí ojú kúrò, ó ń retí rẹ̀. Ẹnu mi wá là, ó ní, "Mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí yín ni, sà." Ọjọ́ ìbí tó ku oṣù márùn-ún! Irú irọ́ yẹn, ọmọ kíláàsì kẹta ò ní pa á fún tíṣà rẹ̀. Bàbá mi gbà á gbọ́. Ó dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí láàárín àwọn táyà àti ọ́ìlì dúdú, ó sì gbàdúrà fún mi. Ó ní àwọn ọmọ mi náà á tọ́jú mi bí mo ṣe ń tọ́jú òun. Mẹkáníìkì ló ṣe àmín tó ròkè jù. Ká ní mo ní irin lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá sọ ọ́ lù ú.

Wọ́n de ojúlówó mọ́ ọn. Mo sọ fún ara mi pé ó kéré tán, bíréèkì á mú.

Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá mi jí kí àkùkọ tó kọ, ó fọ mọ́tò, ó wọ kóòtù. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n kò sì sọ̀rọ̀, torí pé ẹsẹ̀ mi ń ṣiṣẹ́: bí ó bá kù díẹ̀ kó tẹ bíréèkì, èmi ti tẹ tèmi mọ́lẹ̀ níbi tí bíréèkì kankan kò sí. Ojú ọ̀nà dá. A kọjá Ojúẹlẹ́gbà, ó ń kọ orin ìyìn lábẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá àwa la ń ṣe àṣejù. A ń sún mọ́ Tẹ́júoṣó nígbà tí ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ títì, tó wọ kóòtù aláwọ̀ ewé, tó há Bíbélì sí abíyá, tó ń rọra sọdá bí ẹni tí ọ̀nà jẹ́ ti bàbá rẹ̀. Gbangba ló wà. Kóòtù yẹn, afọ́jú pàápàá á rí i, mo rò bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ń kọ orin rẹ̀ lọ. Kò dín eré kù.

Mo kígbe. N kò mọ ohun tí mo sọ. Bàbá tẹ bíréèkì, mọ́tò sì dúró gírígírí, iwájú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan eékún ọkùnrin náà. Bíbélì já bọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń pariwo, "Ṣé wèrè ni ẹ́ ni? Ṣé o ò ríran ni?" Ó yí wá sí ojú fèrèsé láti bú wa dáadáa. Bó ṣe rí irun funfun bàbá mi báyìí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó tẹrí ba. Ó ní, "Háà, ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé àgbà ni." Ó gbé Bíbélì rẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó sì lọ. Ẹni tí wọ́n fẹ́ pa ló ń tọrọ àforíjì.

Bàbá mi di sítíárìn mú. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń fọn hóònù. Ojú títì ló ń wò.

"N kò rí i."

Mo ní, "Mo mọ̀, sà."

"Pé n kò rí ọkùnrin yẹn?"

"Rárá, sà. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ẹ ò ríran dáadáa. Láti ìgbà púlọ́ọ̀gì."

Ó wá yíjú sí mi, ó wò mí bó ṣe máa ń wo ọmọ tó mọ ìdáhùn tó sì jókòó tí kò nawọ́.

Ó ní, "O mọ̀ pé n kò ríran. O wá ra bíréèkì fún mi."

Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tọ ara mọ́tò bọ̀ títí ó fi dé ẹnu ilẹ̀kùn tèmi, ó sì dúró síbẹ̀ kí n bọ́ sílẹ̀ fún òun, kí n lọ di sítíárìn mú.